Ayé Tí Mo Fi Nọ́ńbà Ìyá Mi Gbìn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní Ẹ̀gbẹ́dá ni, "Ta lẹ ń wá?" Ìkejì ni, "Kí lẹ fẹ́ bá a ṣe?" Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn ló bi mí. Mo ti kí i dáadáa, mo ti kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, kí n tó na ìwé tí mo kọ àdírẹ́sì sí fún un. Ó ka ìwé náà, ó wo bàtà mi, ó wo báàgì mi, ó sì dá ìwé padà. Ó lóun ò mọ ibẹ̀. Irọ́ ló pa. Ọ̀nà mìíràn ni mo gbà dé ilé tí mò ń wá; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló wà, ara ògiri ilé náà ló so okùn agboòrùn rẹ̀ mọ́.

Kétu ni mo ti wá. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Èkó, á ní, "Kétu wo? Ti Mile 12?" Rárá o, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin ni, níbi tí ìjọba Faransé ti pààlà sáàárín àwa àti ẹ̀yin. Yorùbá ni wá, Yorùbá pọ́ńbélé. Nítorí náà, nígbà tí mò ń dágbére, kò sí ẹni tó sunkún. Ìyá mi ní, "Èkó kì í ṣe àjò. Ọ̀dọ̀ ìbátan lò ń lọ." Èmi náà gbà á gbọ́. Ní tiwa, tí àlejò bá béèrè ọ̀nà, wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹrù lórí rẹ̀, wọ́n á fún un lómi, ẹnì kan á sì sìn ín dé ilé tó ń lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti mumi tán ni wọ́n á tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri. Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni mo rí lára ilé bíi méje kí n tó dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ ṣọ́ra fún four-one-nine. Mo bi ara mi pé ta ló ní kí wọ́n tà á.

Àlàájà tó ni ilé tí mo gba yàrá sí ló là mí lóye. Ará Ìbàdàn ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

"Ọmọ mi, tí o bá lọ kí àwọn ará ilé, kí o tó dé, wọ́n á ti ta ilé rẹ fún ẹni mẹ́ta. Ẹni kẹrin á ti máa já síméǹtì." Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ gan-an ńkọ́, iṣẹ́ wo lo ní ò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Kọ̀ǹpútà." Ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu. "Ṣé kì í ṣe Yahoo ṣá?"

Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kiri láyé ìgbà yẹn, tí kò sì ṣiṣẹ́ ní báńkì, ohun tí wọ́n máa pè é nìyẹn, ẹni tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì lu òyìnbó ní jìbìtì. Mo búra fún Àlàájà pé n kì í ṣe Yahoo. Ó ní òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, á kan ilẹ̀kùn, á sì ti wọlé kí n tó dáhùn, á ní iyọ̀ lòun wá tọrọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni iyọ̀ ń tán nílé Àlàájà.

*

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe gan-an kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tó ń fura. Géèmù la fẹ́ ṣe, géèmù inú òfuurufú. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà á wọ ọkọ̀ òfuurufú, á máa ti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, á sì máa balẹ̀ sí àwọn ayé tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. A kì í fọwọ́ ya àwọn ayé náà. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ yà lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo la máa fún kọ̀ǹpútà, ìṣirò tí èmi kọ á sì hu gbogbo ayé náà jáde láti inú nọ́ńbà yẹn, òkè rẹ̀, odò rẹ̀, koríko rẹ̀. Irúgbìn la ń pe nọ́ńbà náà. Irúgbìn kan náà, ayé kan náà ló máa hù nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n tí o bá yí ẹyọ nọ́ńbà kan padà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí o mọ̀ ti pòórá nìyẹn, òmíràn ti gba ipò rẹ̀.

Ọ̀gá Délé ló pè mí wá. Ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn ènìyàn fún ọdún pípẹ́ kí ó tó ní kí òun náà dá nǹkan sílẹ̀. Ó rí àwọn ayé kéékèèké tí mo ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, ó sì kọ̀wé sí mi. Yàrá méjì lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gowon Estate ni ọ́fíìsì wa. Ẹnì kẹta wa ni Músílíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló ń ya àwòrán. Kí ó tó kọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó àti ara ògiri ní òpópónà Ìpájà, ó sì máa ń fọ́nnu pé ìdajì gbogbo "Ilé yìí kì í ṣe títà" tó wà láti Command dé Ìpájà, ọwọ́ òun ló kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Délé ní kí n mú nọ́ńbà kan tí a ó máa lò, nọ́ńbà tó wà lórí mi jù lọ ni mo tẹ̀, nọ́ńbà fóònù ìyá mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mọ́ mi nínú pé gbogbo ìràwọ̀ wọ̀nyẹn, ìyá mi tó ń dín gàrí ní Kétu ló bí wọn.

Ọ̀gá Délé ṣèlérí kan fún mi nígbà náà. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi han àlejò, orúkọ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ìwọ lo dá ayé wọ̀nyí." Mo fi ìlérí yẹn sọ́kàn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho tí à ń gbé. Kútọnu ni wọ́n ń pè mí, ní ọ́fíìsì, nílé, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì, bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ Benin, Kútọnu nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣe ni mo fẹ́ kí àlejò rí orúkọ tí ìyá mi sọ mí, kó hàn gbangba lójú gbogbo wọn. Ìdí tí mo fi fara da ohun gbogbo nìyẹn.

*

Ìṣòro wa ni pé àwọn ayé náà kò jọ òótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe wa ṣeé fojú rí. Odò kan wà tó ń ti ìsàlẹ̀ gun òkè lọ. Músílíù rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ tábìlì. Igi kan náà ló ń yọ léraléra, ìtẹ̀sí kan náà, ẹ̀ka kan náà, ní gbogbo ìṣísẹ̀ márùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ìgándò lọ́sàn-án, mò ń wo bí omi òjò ṣe ń wá ọ̀nà lọ sí ìsàlẹ̀, mò ń wo ihò ojú títì. Kò sí ihò méjì tó jọra, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo wá sílé, mo tún ìṣirò mi kọ, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bó ṣe yẹ.

Síbẹ̀, tí mo bá balẹ̀ sí ayé tuntun, inú mi kì í dùn, ẹ̀rù kì í sì í bà mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, lẹ́tà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ayé náà nìyí, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Èmi tí mo ti sọnù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún mọ̀ pé irọ́ gbáà ni. Àlejò kì í dé ìlú kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa pe orúkọ ara rẹ̀ fún un. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Aláwọ̀-Ewé lọ́jọ́ kan. Mo sọ̀, mo wá ilé aláwọ̀ ewé títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìyá kan ló wá ṣàánú mi, ó ní wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún láti ọdún méje sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ àfi èmi. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Mo yọ gbogbo lẹ́tà náà kúrò. Músílíù bá mi jà.

"Kútọnu, tí ẹni tó ń gbá a bá sọnù ńkọ́?"

"Kó sọnù."

"Haba! Ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba géèmù tó ń so ènìyàn nù?"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kó rìn ín dáadáa, kó wá fi ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ sọ ibẹ̀ lórúkọ."

Ọ̀gá Délé tẹ́tí sí wa, ó fi ìka ti dígí ojú rẹ̀ sókè, ó ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó parí iṣẹ́ náà fún mi ni Àlàájà. Ọ̀sán Sátidé kan ló wá tọrọ iyọ̀ rẹ̀. Ó sú mi. Mo ní, "Ẹ wá jókòó, mà. Ẹ wá wo Yahoo tí mò ń ṣe." Mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì hàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ayé kan tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa, tó tẹ́jú lọ salalu. Ó rìn, ó rìn. Ó dúró.

"Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Àlàájà."

"Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí? Ọmọ onílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ọmọ onílẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni pé ó gbóná. "Irọ́ ni. O ò tíì fi nǹkan gúnlẹ̀ ni wọn ò ṣe tíì yọjú. Ìgbà tí èmi ra ilẹ̀ yìí, odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá wò ó, eku kan kò ké. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ti inú igbó jáde tí wọ́n ní àwọn ni ọmọ onílẹ̀."

Ìrìn àlejò wá yé mi lọ́jọ́ náà. Nínú géèmù wa, tí o bá kàn ń kọjá, kò sí ẹni tó máa dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n tí o bá ti fi igi gúnlẹ̀, tí o fẹ́ kọ́ nǹkan, àwọn ará ibẹ̀ á yọ láti ẹ̀yìn òkè. Wọn ò ní bá ọ jà. Wọ́n á dúró, wọ́n á wò ọ́, wọ́n á sì bi ọ́ pé, "Ta lẹ ń wá?" Bí o bá ṣe dáhùn, bí o ṣe kí wọn, iye ìgbà tí o padà wá, ìyẹn ló máa sọ bóyá wọ́n á fọ̀nà hàn ọ́ tàbí wọ́n á sọ pé àwọn ò mọ ibẹ̀. Nígbà tí Músílíù gbọ́, ó fò sókè. Ọ̀gá Délé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí ni géèmù wa. Iyọ̀ kò sì tán nílé Àlàájà mọ́.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ìyá mi. Mo máa họ káàdì, mo máa jókòó sórí pèpéle táńkì omi lẹ́yìn ilé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà: "Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́ níbẹ̀ báyìí?"

"Wọ́n ti mọ̀ mí, Ìyá."

Irọ́ ni. Mo ti ń lo oṣù kẹsàn-án. Mo ní ọ̀rẹ́ tí mo ń bá ṣeré, mo mọ ọ̀nà, mo ti lè dúnàádúrà bí ọmọ Èkó. Ṣùgbọ́n tí ohun kan bá sọnù ní agboolé wa, kódà kó jẹ́ ike ìbomi, ojú á kọ́kọ́ yí sí yàrá mi. Ẹni tí wọ́n ń fura sí, bó pẹ́ bó yá, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fura. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. N kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n mo ti ń mu nínú oògùn náà, mo sì ń mu ún jù.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn àlejò tí a fẹ́ fi géèmù náà hàn máa dé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá wọlé, Músílíù á yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ògiri. Òun àti Ọ̀gá Délé á dákẹ́. Mo wo ojú ewé tí géèmù náà máa kọ́kọ́ gbé jáde, orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni mo rí níbẹ̀. Kò sí orúkọ mi. N kò bi wọ́n. Mo dákẹ́, mò ń ṣọ́ wọn.

Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ní, "Ọkùnrin kan pè mí láti Èkó."

"Ọkùnrin wo?"

"Kò sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ta ni mí, mo ní ìyá rẹ ni. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe ṣe. Mo ní gàrí ni mò ń dín. Ó bi mí bóyá o ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló gé e."

Mo kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni. Mo ní kí ó má gbé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo jókòó tí mo ro ó. N kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ìyá mi ní Èkó rí. Kò sí níbòmíràn àyàfi inú fóònù mi tí kì í kúrò lára mi, àti inú iṣẹ́ tí mo kọ. Ẹnì kan ti tú iṣẹ́ mi wò, dé ìdí irúgbìn. Kí ló ń wá níbẹ̀, bí kò bá ṣe pé ó fẹ́ kó o lọ, kó sì lé mi padà sí Kétu? Ó sì tún wá ń halẹ̀ mọ́ ìyá mi.

Inú bí mi gidigidi. Mo fi ẹnu pe orúkọ Ọ̀gá Délé ní èmi nìkan, mo ṣépè fún un. Lọ́jọ́ Friday tó ṣáájú ọjọ́ àwọn àlejò, nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, mo ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, mo yọ nọ́ńbà ìyá mi kúrò, mo sì tẹ nọ́ńbà mìíràn tí mo kàn ṣẹ̀dá sí i. N kò sọ fún wọn. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ jí ayé mi gbé, kí wọ́n gbé èyí tí kì í ṣe òun.

*

Àwọn àlejò náà jẹ́ mẹ́ta, láti Island ni wọ́n ti wá, àwọn ló máa sọ bóyá géèmù wa á jáde tàbí kò ní jáde. Wọ́n dé ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé. Ọ̀gá Délé wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Músílíù ń rẹ́rìn-ín sí mi lọ́nà tí kò yé mi, ó ń fi ìgúnpá tì mí. Mo yí ojú kúrò.

Ọ̀gá Délé sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tan ọkọ̀ òfuurufú, ó sì mú ọ̀nà ayé kan pọ̀n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí a ti pèsè sílẹ̀." Ọkọ̀ náà la àwọsánmà kọjá, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Omi ni. Òkun láti ìkángun dé ìkángun. Ọkọ̀ balẹ̀ sórí omi, ó rì díẹ̀, ó léfòó.

Ọ̀gá Délé gbé ọkọ̀ dìde, ó lọ sí apá kejì ayé náà. Omi. Músílíù la ẹnu sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àlejò wo aago. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo gbà pé ẹ̀san ni, mo sì retí kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Mo ya ẹnu láti jẹ́wọ́.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ọ̀gá Délé ti yí ojú sí mi. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kí àwọn àlejò ṣe sùúrù díẹ̀. Ó ṣí iṣẹ́ mi, ó lọ tààrà síbi tí irúgbìn wà, ó pa nọ́ńbà irọ́ rẹ́, ó sì tẹ òmíràn dípò rẹ̀. Kò wo ìwé. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ń ka nọ́ńbà náà bó ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà fóònù ìyá mi ni, ó mọ̀ ọ́n sórí láìfi ẹyọ kan ṣìṣe.

Òun ló pe ìyá mi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Òun náà sì mọ̀ pé èmi ni mo yí nọ́ńbà náà padà. Àwa méjèèjì mọ̀, níwájú àlejò mẹ́ta tí wọn ò mọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ tún la àwọsánmà. Ilẹ̀ pupa yọ, odò tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ yọ. Ọkọ̀ balẹ̀ síwájú ògiri kan tí n kò rí rí, ògiri gígùn kan ṣoṣo láàárín pápá, Músílíù sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀ ní lẹ́tà pupa ńlá, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ ní òpópónà Ìpájà:

AYÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA. LÁTI ỌWỌ́ ẸNI TÓ NI ÍN.

Orúkọ mi ló tẹ̀ lé e, orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi, kò sí Kútọnu níbẹ̀. Àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ pé.

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fi igi gúnlẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn òkè, wọ́n bi í pé, "Ta lẹ ń wá?" Ó kígbe pé, "Ah! Àdúgbò wa rèé!" Mo jáde síta, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ níbi tí ariwo rẹ̀ kò ti ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹkún mi.

*

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni Ọ̀gá Délé wá bá mi níbẹ̀. Ó pa jẹnẹrétọ̀.

"Ìwọ lo yí i padà."

"Ẹ̀yin lẹ pe ìyá mi."

"Mo rí nọ́ńbà náà, mo rí i pé ó jọ nọ́ńbà fóònù ti ọ̀dọ̀ yín ní Benin. Ẹnì kan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yin ará Kútọnu, ẹ kì í pẹ́ sá. Mo rò pé ẹni tó o fẹ́ ta iṣẹ́ wa fún ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní èmi ni mo dá ayé wọ̀nyí."

"Mo mọ̀." Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Mo ń bi màmá ní ìbéèrè bíi ọlọ́pàá. Bí mo ṣe fẹ́ gé e, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Èkó, tí ẹ bá rí ọmọ mi níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó máa jẹun.' Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà yẹn ò ti kúrò lórí mi. Ojú tì mí láti sọ fún ọ."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ tọrọ lọ́wọ́ Músílíù tí n kò tíì lè wò lójú. Òun ní tirẹ̀, ṣe ló ń bi mí bóyá lẹ́tà pupa yẹn kò tóbi jù. Ó ní ṣe lòun fẹ́ kí n rí i níwájú àlejò, ìdí nìyẹn tí òun fi ń yí kọ̀ǹpútà sí ògiri. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní lẹ́tà náà dára.

Géèmù náà jáde lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe ariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. A kò pa òkun yẹn rẹ́. A fi nọ́ńbà irọ́ náà pa mọ́ sí igun kan níbẹ̀, fún ẹni tó bá rìn jìnnà. Mo ti kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ẹrù wà lórí rẹ̀ na ìwé sí mi ní Command, ó ń béèrè ọ̀nà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bi í pé, "Ta lẹ ń wá?" Ojú tì mí. Mo gba ẹrù náà, mo sì sìn ín dé ilé.

Ṣùgbọ́n Sunday tó tẹ̀ lé ọjọ́ àwọn àlejò ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Mo họ káàdì, mo jókòó sórí pèpéle táńkì omi, mo pe ìyá mi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò bi mí bóyá wọ́n ti mọ̀ mí.

"Ọkùnrin Èkó yẹn tún pè," ló sọ.

"Kí ló wí, Ìyá?"

"Ó pẹ́ kó tó débi ohun tó fẹ́ wí. Ó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní Gowon Estate lòun ń gbé. Ó ní kí n wá kí yín. Ó wá ṣàlàyé ọ̀nà ilé náà fún mi, ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."